Ilé Tí Tòlótòló Fi Hàn Mí

Lọ́dún tí wọ́n mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkòròdú wá sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, ohun tó kọ́kọ́ jí mi lójú oorun nínú ilé náà ni ìjà tí kò lẹ́nu. Ìyá Àgbà, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ń gbá ẹ̀yìnkùlé nídàájí, àmọ́ kì í ṣe gbígbá lásán, ó ń fi ìgbálẹ̀ na ilẹ̀ ni. Lódìkejì ògiri, ẹnìkan tí n kò rí ń gbá tirẹ̀, òun náà ń nà á. Bí tiwa bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, tọ̀hún á dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ráfíà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, la ojú kan, ó ní, "Ìyá Oníkìnnìún nìyẹn. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀." Ó tún di ojú náà pa dà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé kí wọ́n tó bí mi ni àwọn ìyá méjèèjì ti pa ẹnu dé síra wọn, síbẹ̀ kò sí òwúrọ̀ kan tí wọn kò fi ìgbálẹ̀ kí ara wọn.

Ilé Onífèrèsé ni wọ́n ń pe ilé wa, nítorí fèrèsé méje tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n fi gíláàsì pupa àti aláwọ̀ ewé sí. Bí oòrùn bá yọ láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa á bọ́ sínú àwo ẹ̀kọ mi, mi ò sì ní mọ ibi tí ata wà. Ilé tó fara tì wá ni Ilé Oníkìnnìún, nítorí kìnnìún símẹ́ńtì méjì tó jókòó lórí òpó ẹnu ọ̀nà wọn. Bíríkìlà tó mọ wọ́n kò rí kìnnìún rí láyé ẹ̀, ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó ni wọ́n jọ, Ìyá Àgbà kì í sì pe ilé náà ní nǹkan mìíràn ju Ilé Alájá. Baba ńlá tiwa àti baba ńlá tiwọn jọ sá kúrò ní Èkó nígbà tí ìlú dàrú ni, wọ́n gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́, oníkálùkù sì kọ́lé. Èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nínú ilé méjèèjì? Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí nìyẹn. Lọ́jọ́ ọjà Ẹ̀jìnrìn, ọkọ̀ ojú omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, torí òun nìkan ló lè gba ẹrù wọn. Wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ìyá Àgbà á sọ fún ọlọ́kọ̀ pé, "Bá mi sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi pé agbòjò ẹ̀ ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́." Ọlọ́kọ̀ á yíjú, á sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ìyá Oníkìnnìún á ní, "Sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó síbí. Òun ló wá bá mi níbẹ̀."

Èmi kò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí nígbà tí mo dé. Ọmọ Ìkòròdú ni wọ́n kà mí sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, ìyá mi sì ń ta ẹja ní Èbúté Ìkòròdú, òun ló tọ́ mi dàgbà láàárín àwọn èèyàn tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé "mò ń lọ sódò", èmi á ní "mò ń rè odò", Ráfíà á sì dojú bolẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Bí mo bá béèrè ìkọ́kọrẹ́, Ìyá Àgbà á wò mí bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ ni mo ní kí wọ́n sè fún mi. Ó ní oúnjẹ tí kò tíì pinnu bóyá àsáró ni òun fẹ́ jẹ́ tàbí ọ̀bẹ̀, òun kò ní fi sẹ́nu. Ìyá Ráfíà mọ bí wọ́n ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ tó ń dunni, òun ló ní, "Ẹ má bá a wí, Ìyá. Àlejò ni." Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí ọkọ̀ láǹṣì gbé mi kúrò lójú ìyá mi lọ. Bóyá ẹ̀yin tó ń ka èyí kò tíì jẹ́ àlejò nínú ilé bàbá yín rí. Kò dáa.

Nǹkan kan ṣoṣo ló lè yọ orúkọ àlejò yẹn kúrò lára mi, òun ni ìrìn ilé. Ní àdúgbò wa, ọmọ tó bá fẹ́ ṣe wòlímà, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ti kà dé ibi tó yẹ nílé kéú, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá rin àdúgbò já, kó sì kí ilé àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Onífèrèsé, Oníkìnnìún, Alágogo àti Oníkànga. Etí odò, níbi tí ọkọ̀ àwọn baba ńlá wa ti gúnlẹ̀, ni wọ́n máa ń mú un lọ láàárọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fà á lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ nàka ilé hàn án. Ìyá Àgbà ní ẹni tí wọ́n mú wọlé, àlejò ni, ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ilé rí ni ọmọ. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, á kí i báyìí pé, "Omi ló gbé wa wá, ilẹ̀ la bá. Ẹni tó dé ló ń kí ẹni tó wà níbẹ̀." Àgbà ilé náà á dáhùn pé, "Wọlé," á fún un lómi àti oúnjẹ, á sì so òwú kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ òsì. Òwú ilé tó bá kọ́kọ́ kí ló máa ń sún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ jù, èkejì á wà lókè ẹ̀, ẹ̀kẹta lókè ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè purọ́ nípa ibi tó ti kọ́kọ́ yà. Ọmọ tí òwú ẹ̀ bá pé, tí kò sì ṣìnà yà sílé mìíràn, ẹní iwájú ló máa jókòó sí lọ́jọ́ wòlímà, láàárín àwọn ọmọ ilé. Ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn àlejò, ni àwọn tó kù ń jókòó.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ilé tí ọmọ bá kọ́kọ́ kí, òun ló ń fi ara ẹ̀ ṣe ilé àkọ́kọ́ títí ọmọ mìíràn á fi rìn. Ọmọ Oníkìnnìún kan ló rìn kẹ́yìn, láti ọjọ́ náà ni Ìyá Oníkìnnìún sì ti ń gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin sí mẹ́ta tiwa. Èmi ló kàn. Ìyá Àgbà kò gbọ́dọ̀ kọ́ mi lọ́nà, àmọ́ òfin kò ní kó má bá àkàrà sọ̀rọ̀. Bó bá ń dín in, á tẹjú mọ́ inú epo, á ní, "Ìwọ àkàrà yìí, tí o bá gòkè láti odò, tí o rí igi ìbẹ́pẹ, tí o yà sọ́tùn-ún, o ò ní ṣìnà o." Lọ́jọ́ kejì, á tún sọ ọ́ fún ẹja. Mi ò rò pé oúnjẹ kan wà nínú ilé wa lọ́dún yẹn tí kò mọ ọ̀nà láti etí odò. Lóru, bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń sọ ìkíni náà wuyẹwuyẹ títí Ráfíà á fi gbá mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí, pé kí n má jókòó sẹ́yìn lójú ìyá mi, tó ti ránṣẹ́ pé òun á wọkọ̀ wá láti Ìkòròdú.

Lọ́jọ́ tó pé, Ìyá Ráfíà ló mú mi lọ sétí odò. Ó tún ìró mi wé, ó ní, "Má sọnù o, àlejò wa," ó sì pa dà. Mo gòkè. Mo rí igi ìbẹ́pẹ. Mo yà sọ́tùn-ún, inú mi sì dùn gan-an, torí mo ti ń rí gíláàsì pupa lókèèrè. Ìgbà yẹn ni tòlótòló Ìyá Oníkìnnìún yọ sójú ọ̀nà. Ọjà Ẹ̀jìnrìn ló ti rà á, kò sí ọmọdé kan ní àdúgbò tí ẹyẹ náà kò tíì lé rí, títí Ìyá Oníkìnnìún fi kú ló sì ń búra pé òun kọ́ ló tú u sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó fẹ ìyẹ́, ó wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe sí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ọ̀wọ̀ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Mo sá, ó gbá tẹ̀ lé mi, mo rí ẹnu ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀, orí òkìtì àwọ̀n ni mo sì dojú dé.

Ilé Baba Aláwọ̀n ni. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá lójoojúmọ́ láìwò ó, ẹlòmíràn kò sì wò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé amọ̀ ni, kò lókè, páànù orí ẹ̀ ti dípẹtà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹrí ba. Baba náà jókòó nílẹ̀, ó ń hun àwọ̀n, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ìdí ẹ̀ mú. Ẹ̀rù ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi tán, àfi èyí tí mo ti kọ́ sórí. Kí n tó mọ̀ ọ́n, mo ti ń sọ ọ́ láìmí: "Omi ló gbé wa wá ilẹ̀ la bá ẹni tó dé ló ń kí ẹni tó wà níbẹ̀." Baba náà dáwọ́ dúró. Ó ní, "Tún un sọ, jẹ́jẹ́." Mo tún un sọ. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ ti sún. Wọlé, aṣọ rẹ tutù."

Mo wo ìró mi. Mo ní, "Baba, aṣọ mi gbẹ."

Ó ní, "Mo rí i. Bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn nìyẹn. Níbo lò ń rè?"

Rè ló wí. Ohùn àwọn èèyàn ìyá mi ni. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó, mo sì rojọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láti ọjọ́ tí mo ti dé Ẹ̀pẹ́. Ó bu omi fún mi. Ó ṣí ìkòkò kan, ìkọ́kọrẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹja wà nínú ẹ̀ dáadáa, mo sì jẹ ẹ́ títí mo fi lá ọwọ́. Ó gé okùn àwọ̀n kan, ó so ó mọ́ mi lọ́wọ́ òsì, ó ta kókó tí àwọn apẹja máa ń ta, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe ń fà á ló ṣe ń le sí i. Mo ní, "Baba, ilé yín kò sí nínú mẹ́rin o." Ó ní, "Mo mọ̀." Ó dìde, ó yọjú síta, ó ju àwọ̀n bo tòlótòló náà, ó sì fà á wọlé bí ẹni fa ẹja. Ó ní kí n máa lọ, ọ̀nà ti là.

Lójú ọ̀nà, mo fi eyín fa okùn náà títí, kò tú. Ìyá Àgbà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti kírun ìdájí, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ fún ọdún iléyá, òwú pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kí i. Ó dáhùn pé, "Wọlé," sókè, ní ọ̀nà tí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kò fi ní sọ pé òun kò gbọ́. Ó dìde, ó gbá ọwọ́ mi mú kó so tirẹ̀ sẹ́bàá àtẹ́lẹwọ́, ó sì rí i pé ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀.

Ó ní, "Ta ló so èyí?"

Ráfíà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, "Sọ pé o rí i he ni." Ìyá Ráfíà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Mo kúkú ti sọ. Kò lè mọ̀ ọ́n." Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, irọ́ kékeré kan ì bá sì tà dáadáa láàárọ̀ yẹn. Mo fẹ́ pa á. Bí mo bá pa á, ẹní iwájú ni màá jókòó sí. Àmọ́ mo rántí bí baba yẹn ṣe gbé àwọ̀n sílẹ̀ nígbà tí mo kí i, bíi pé ó ti ń retí ẹnìkan, ojú sì tì mí. Mo ní ilé Baba Aláwọ̀n ni mo kọ́kọ́ kí.

Ìyá Àgbà ní, "Ìyẹn kì í ṣe ilé."

Mo ní, "Wọ́n dá mi lóhùn, Ìyá Àgbà."

"Wọ́n ní kí ni?"

Mo sọ ọ́. Ìyá Àgbà jókòó. Ó ní, "Ìyá ìyá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ìbáà ṣe nígbà ọyẹ́, á ní, 'Wọlé, aṣọ rẹ tutù.' A rò pé ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú." Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn tí n kò tíì gbọ́ kó bá ilé wa sọ̀rọ̀ rí, ó ní, "Tèmi náà máa ń sọ ọ́."

Àṣírí tú pé Ìyá Oníkìnnìún ti fetí mọ́ ògiri láti àárọ̀. Kò pẹ́ tó fi gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ó ní tòlótòló òun lòun ń wá o, kì í ṣe wọn. Mo sọ ibi tó wà fún Ìyá Àgbà, òun náà sì sọ fún Ráfíà pé kó sọ fún un pé tòlótòló wà lọ́dọ̀ Baba Aláwọ̀n. Ìyá Oníkìnnìún ní kí Ráfíà sọ pé òun ti gbọ́. Gbogbo wa gbéra. Bí ọ̀kan bá yá ẹsẹ̀, èkejì á yá a jù ú lọ, àwọn ìyá méjì tó máa ń ní orúnkún ń dun àwọn bí wọ́n bá ní kí wọ́n ro ọkà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà amọ̀ náà pọ̀, wọ́n tẹrí ba pọ̀, wọ́n sì wọ ọ́ pọ̀. Èjìká wọn há. Wọn kò lè wọlé, wọn kò lè jáde. Èmi àti Ráfíà ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn, tòlótòló ń kígbe nínú àwọ̀n, Ìyá Àgbà ń sọ pé, "Sún, jàre," Ìyá Oníkìnnìún ń sọ pé, "Ibo ni kí n sún sí?" Wọn kò rántí pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Baba Aláwọ̀n kò dìde. Ó ta kókó kan sí i. Ó ní, "Bí àwọn baba yín ṣe há síbẹ̀ náà nìyẹn."

A já wọlé lórí ara wa. Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ìyá bàbá òun ṣe sọ ọ́ fún òun. Àwọn tó ti Èkó dé gòkè látinú odò, aṣọ wọn rin gbingbin, ilé yìí ló sún mọ́ omi jù, wọ́n kí onílé, onílé sì sún láti fún wọn láyè. Abẹ́ òrùlé yìí ni tèwe tàgbà wọn sùn títí wọ́n fi kọ́lé tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn débi pé ọmọdé tí tòlótòló ń lé lè rí i: ẹni tó bá gòkè láti odò, ilé wo ni ì bá kọ́kọ́ bá? Ìyá Àgbà, tó gbọ́n ju ìdajì Ẹ̀pẹ́ lọ, kò bi ara ẹ̀ rí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Baba, èwo nínú àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ jáde lọ kọ́lé?" Baba náà ní òun kò mọ̀. Ó ní, "Ẹni tó wọlé la máa ń kà níbí. Àlejò ni gbogbo yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọmọ tó máa kí wa. Èyí nìkan ló wá."

Lọ́jọ́ wòlímà, òwú márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi, nítorí wọ́n ti ka ilé Baba Aláwọ̀n mọ́ àwọn ilé àtijọ́, ẹní iwájú ni mo sì jókòó sí. Ìyá mi ti Ìkòròdú dé, ó gbé odidi ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wá, Ìyá Àgbà sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé, ó ní òun ń tọ́ ọ wò ni, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn kìnnìún náà kò ní àgbọ̀n mọ́, páànù ni wọ́n fi dí mẹ́ta nínú fèrèsé wa, ilé Baba Aláwọ̀n sì ti wó. Mo ṣì máa ń dúró níbi tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wà, màá tẹrí ba, bí àwọn ọmọ mi tilẹ̀ ń sọ pé kí n rọra, pé kò síhun tí mo lè forí gbá.

Àmọ́ òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n há ni mo fẹ́ràn jù láti rántí. Ìgbálẹ̀ ló jí mi. Tiwa dún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dùbúlẹ̀, mò ń kà á. Tọ̀hún dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró. Ohùn Ìyá Oníkìnnìún wá gba orí ògiri kọjá, ó ní, "Ṣé ẹ jí ire, ẹ̀yin àlejò?"

Ìyá Àgbà wú ikọ́ díẹ̀. Ó ní, "A jí ire. Ẹ̀yin àlejò ńkọ́?"

Ráfíà la ojú kan. Ó wò mí, ó ní, "Sún, ọmọ onílé," ó sì tún di ojú náà pa dà.